Ẹ má fi oòrùn nìkan pe àlejò wá sí Abẹ́òkúta: lẹ́tà sí Kọmíṣọ́nnà fún Àṣà àti Ìrìn-àjò Afẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú làálàá. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Jọ́gíráfì ni mo kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín nìkan, mo gbé e síta, torí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ń gba àlejò nílùú yìí: àwọn onílé ìtura, àwọn tó ń mú èèyàn gun àpáta Olúmọ, àwọn aládìrẹ Ìtòkú, àti àwa tí ọmọ wa ń ti òkè òkun bọ̀ wá kí wa.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé, nígbà tí ìjọba bá ń pe ayé wá sí Abẹ́òkúta, kí ẹ má kàn sọ fún wọn pé oòrùn wà níbí. Ẹ sọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ wa gbẹ fún wọn, ẹ sọ ìgbà tó kún fún omi, kí ẹ sì sọ wákàtí tí ara lè gbádùn oòrùn ọ̀hún. Kí ètò àbẹ̀wò wa náà wá tẹ̀lé e. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń pinnu bóyá àlejò á gbádùn ìlú wa, tàbí ìdí fáànù ló máa jókòó sí títí ìsinmi rẹ̀ fi tán. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ló yẹ ká bá a rí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Bí ooru bá mú wa, a ó làágùn. Kì í ṣe jíjáde òógùn ló ń mú ara tutù, gbígbẹ rẹ̀ ni. Bí omi òógùn bá ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, á máa gbé ooru ara lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti kún inú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, òógùn ò ríbi lọ. Ẹ wo aṣọ tí a sá sórí okùn nínú oṣù Kẹfà: omi ò kán lára rẹ̀ mọ́ láti àárọ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ á ṣú, kò ní gbẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara èèyàn ṣe ń rí nínú ooru tó lọ́rinrin.

Ọ̀mọ̀wé kan, Robert Steadman, gbé ìṣirò kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1979, orí rẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà gbé ìkìlọ̀ ooru wọn kà. Bí ìgbóná afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ara á gbà á bíi 33. Bí ọ̀rinrin bá gòkè dé 70, ìgbóná kan náà, 32 yẹn, ara á gbà á bíi 41. Abẹ́ ibòji ni wọ́n sì ṣe ìṣirò náà fún o. Ẹni tó bá dúró gangan nínú oòrùn lè tún fi tó 8 kún un. Fóònù àlejò wa á sọ fún un pé 32 ni Abẹ́òkúta lónìí. Á rántí pé òun ti lo ìsinmi rí ní Madrid nínú oṣù Keje, tí ó tiẹ̀ gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí nǹkan kan ò ṣe òun. Àmọ́ orí ilẹ̀ gíga ni Madrid wà, ó jìnnà sí òkun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Òógùn rẹ̀ ń gbẹ níbẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun làágùn. Níbí, á ṣàn dé ìgbàròkó.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún yìí pàápàá máa ń tan èèyàn jẹ. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ọ̀rinrin Abẹ́òkúta lè ju 90 lọ, kí ara sì tù wá pẹ̀sẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ tutù. Ní aago méjì ọ̀sán, ó lè já wá sí 60, kí kálukú sì máa wá ibòji kiri. Omi inú afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù; ìgbóná ló lọ sókè, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì lè gba omi ju afẹ́fẹ́ tútù lọ. Èyí tó yẹ ká máa wò ni ìwọ̀n tí ìrì fi ń sẹ̀: báwo ni afẹ́fẹ́ òní ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó kí omi inú rẹ̀ tó di ìrì? Bí ìwọ̀n náà ò bá tó 16 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ gbẹ, ara á fúyẹ́. Bó bá kọjá 21, aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ni lára. Bó bá fi máa dé 24, ẹni tí wọ́n bí sí Ìkijà pàápàá á máa wá abẹ̀bẹ̀, ìtòsí 24 yẹn la sì máa ń wà fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí Òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, omi ló rù wá. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, eruku ló rù ní tiẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Nínú oṣù Kẹjọ, ó ti sún lọ jìnnà sókè wa, dé etí aṣálẹ̀. Nínú oṣù Kìíní, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé tòsí etíkun. Níwọ̀n bí Abẹ́òkúta kò ti ju nǹkan bíi 100 kìlómítà lọ sí Èkó, ọ̀yẹ́ tiwa kì í ṣe ọ̀yẹ́ Kánò. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ètè á máa bó, gìgísẹ̀ á máa là, a ó máa wá òrí kiri. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ òkun á tún padà, ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún àlejò pé ẹ̀ẹ̀rùn ni, pé gbogbo ọjọ́ ló máa gbẹ, kò sọ òdodo fún un tán.

Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìgbà tó dára jù láti wá gbádùn oòrùn nílùú yìí, oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ni mo máa sọ. Òjò ti lọ, àwọn ọjọ́ gbígbẹ máa ń wà, òru sì máa ń tutù, nítorí pé bí omi bá dín nínú afẹ́fẹ́, tí ìkùukùu ò sì bo ojú ọ̀run, ooru ọ̀sán á yára tú kúrò lórí ilẹ̀. Èèyàn á fẹ́ wá aṣọ bora. Àwọn tó ní àsímà ló yẹ ká kìlọ̀ fún nípa eruku, kí wọ́n má sì gbàgbé oògùn wọn sílé.

Oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òjò ò tíì dé, oòrùn ń ràn bó ṣe wù ú, ẹni tó ń wo àwòrán lórí fóònù nílùú òyìnbó á rò pé ìgbà ìsinmi gan-an nìyí. Oṣù wọ̀nyí ló gbóná jù nínú ọdún wa, afẹ́fẹ́ òkun sì ti ń padà bọ̀ wọlé nígbà yẹn. Ooru àti ọ̀rinrin pàdé, òjò tí ì bá tù wá lára kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Inú oṣù Kẹta yìí la sábà máa ń ṣọdún Lísàbí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí ọjọ́ ọdún Lísàbí padà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ètò ìta gbangba parí kí aago mọ́kànlá tó lù, kí ìyókù sì dúró di ìgbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, lẹ́yìn aago mẹ́rin. Kí a má so kánópì mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Kánópì tí atẹ́gùn ò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ń dáàbò boni lọ́wọ́ oòrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń kó èémí àti òógùn ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ sójú kan, ìyẹn náà ọ̀rinrin ni.

Oṣù Kẹjọ wà lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ìsinmi ilé-ìwé nígbà náà, àwọn òbí wọn á sì kó wọn wálé. Òjò á sinmi díẹ̀, ìkùukùu á bo ojú ọ̀run, ìgbà náà sì ni ọ̀sán wa tutù jù nínú ọdún. Afẹ́fẹ́ ṣì kún fún omi, àmọ́ bí ìgbóná ò ti pọ̀, ara lè gbà á. Ẹni tó fẹ́ rìn yíká ìlú, láti Aké dé Ìtòkú, kó wá nínú oṣù Kẹjọ. Ẹni tó fẹ́ yáàrùn, kó má wá, torí ó lè má rí oòrùn títí á fi padà. Kò sí ohun tó ń tini lójú nínú kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Àlejò tí a bá sọ òótọ́ fún, á tún padà wá.

Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ yìí jù nílùú wa kì í ṣe àwa olùkọ́. Àwọn ìyá oníláfún ni. Ẹ gba ojú ọ̀nà tó jáde kúrò nígboro, ẹ ó rí orí àpáta tó funfun nini: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n ti fún omi ara rẹ̀, ni wọ́n sá síbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àpáta ń gbóná láti ìsàlẹ̀ bí oòrùn ṣe ń pa á láti òkè. Bí ọ̀yẹ́ bá ń fẹ́, kíá ni láfún á gbẹ, á sì funfun. Bí oṣù Kẹfà bá dé, kò ní yá gbẹ, ó lè bu, ó sì lè dúdú. Wọn ò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Ìka ni wọ́n fi ń rún un wò, ojú ni wọ́n sì fi ń wo ọ̀run. Bí mo bá fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ọ̀la ṣe máa rí, mo lè bi ìyá oníláfún kí n tó bi fóònù.

Bákan náà làwọn aládìrẹ. Ẹni tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ á fi iyẹ́ adìyẹ kọ iṣẹ́ sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, ẹ̀kọ yẹn sì gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó rì í sínú aró. Lẹ́yìn náà á rì í, á yọ ọ́, á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kí aró lè mú, á tún rì í. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ á máa falẹ̀. Nítorí náà, àlejò tó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àsìkò kan náà tó tù ú lára ló dára fún iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ bá yá gbẹ lára aṣọ, òógùn á yá gbẹ lára àlejò. Ẹ jẹ́ ká so méjèèjì pọ̀ nínú ètò wa.

Bí mo sì ti dárúkọ àdìrẹ: òwú ni àdìrẹ wa, òwú ń mu òógùn, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé sí ara. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ilé iṣẹ́ òkè òkun sórí pọ́líẹ́sítà, tí wọ́n ń kó wá tà bí àdìrẹ, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ìpolówó ìpínlẹ̀ wa máa sọ ìyàtọ̀ yìí ketekete, pé búbá àdìrẹ gidi, tó ṣò dáadáa, ni aṣọ tó yẹ àlejò láti fi rìn nínú oòrùn Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀ lowó á ṣe wọ ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Ó wá ku Olúmọ. Àpáta náà ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Òkúta ńlá báyìí máa ń mu oòrùn láti òwúrọ̀, bí oòrùn bá sì ti wọ̀ tán, kò tíì tu ooru inú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún lọ́sàn-án oṣù Kẹta, oòrùn ń pa á lórí, òkúta ń jó o lẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ olómi sì yí i ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró gangan lókè orí wa lọ́sàn-án, débi pé òjìji èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ibòji kankan lórí àpáta nígbà yẹn. Nínú ihò àpáta nìkan ni ìtura wà, níbi tí àwọn babańlá wa sá sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀ ní 1830. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣamọ̀nà àlejò mú wọn jókòó pẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n sọ ìtàn níbẹ̀, dípò orí òkè tí kò sí ohun tó ṣíji boni.

Ní Sípéènì, nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ojúmọ́ ṣì máa ń mọ́lẹ̀ títí kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àlejò wọn lè sùn lọ́sàn-án kó sì jáde nírọ̀lẹ́, tí ooru ti rọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ṣì pọ̀. Àwa ò ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀ ní nǹkan bí aago méje, ilẹ̀ ṣú nìyẹn, òkúta sì ṣì gbóná. Òwúrọ̀ ni Ọlọ́run fi ìmọ́lẹ̀ tútù tiwa sí. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹnubodè Olúmọ máa ṣí láfẹ̀mọ́júmọ́, kí àlejò lè wà lókè nígbà tí oòrùn bá ń yọ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, kó wo gbogbo òrùlé páànù tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ títí dé Odò Ògùn, kó sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Lọ́sàn-án, kó lọ sí ilé ìtọ́jú ohun àtijọ́ tó wà ní Ilé Ìkówèésí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, èyí tí wọ́n ṣí ní 2017, tàbí kó sùn. Kò sí ìtìjú nínú oorun ọ̀sán. Àwọn tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, tó ti ń gbé èrò láti 2021, tí wọ́n bá dé síbùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká lọ́sàn-án gangan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé wọn lọ sẹ́sẹ̀ àpáta tààrà. Kí wọ́n sinmi, kí wọ́n sun ibí mọ́jú.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó wà lẹ́nu ọ̀nà Olúmọ, tó hàn gbangba sójú: pátákó kan tí wọ́n á máa kọ ìgbóná òwúrọ̀ yẹn sí, àti ìwọ̀n tí ìrì fi ń sẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ohun tó túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ gùn ún. Kò ní náwó púpọ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ wà nílùú. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa omi àti ojú ọjọ́ tó kan iṣẹ́ oko. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ ń lò ó, ó yẹ kí onílé ìtura náà máa lò ó. Kí iléeṣẹ́ yín pè wọ́n jókòó, kí wọ́n bá yín ṣe kàlẹ́ńdà kan tí a ó máa fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá, tó máa sọ oṣù tó dára fún àpáta, fún àdìrẹ, fún ìrìn ìgboro, àti oṣù tí àpáta máa ń yọ̀ nítorí òjò.

Mo ń ronú nípa àwọn àgbàlagbà jù. Ẹni tó ti pẹ́ nílùú òtútù, ara rẹ̀ á lò tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó tún mọ bí a ṣe ń làágùn dáadáa nínú ooru, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tó. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó dé láàárọ̀ àná kò gbọ́dọ̀ gun Olúmọ lọ́la, àní bí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè bá tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń fa omi jáde lára, ó sì máa ń tètè rẹ àwọn tó ń lò wọ́n. Bí a bá rí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná kọjá ààlà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́, kì í ṣe ká fún un lọ́tí dídì. Ká gbé e sábẹ́ ibòji, ká da omi tútù sí i lára, ká máa fẹ́ ẹ, ká sì wá mọ́tò tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣamọ̀nà lórí àpáta yẹn kọ́ èyí kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́.

Ìkẹyìn, igi. Ẹ gbin igi tó ń ṣíji boni sí ọ̀nà tó gba Ìkijà lọ sí ẹsẹ̀ àpáta, kí ẹ sì fi ìjókòó sábẹ́ wọn àti omi mímu tó mọ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, torí pé igi kì í dúró de ìgbà tí owó bá jáde. Bí wọn ò bá tíì gbìn wọ́n nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, gbòǹgbò wọn ò ní lè fìdí múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó tún dé. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa bá yín ka ìwọ̀n láràárọ̀ títí ẹ ó fi rí òṣìṣẹ́ fi síbẹ̀, mo wà nítòsí, mo sì ti ń jí kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀. Mi ò ní gba owó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkijà, Abẹ́òkúta.